Bí Mo Ṣe Sọ Àbúrò Di Ẹ̀gbọ́n

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí nọ́ńbà kan ti ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí. 1914 ni. Kì í ṣe ti Lugard àti bí wọ́n ṣe da Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù o. Ìyẹn ti ní àwọn tó ń jà lé e lórí. 1914 tèmi, èmi fúnra mi ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kan ní 2014, lórí àga oníke níwájú ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Ẹ̀pẹ́. Mo ṣẹ̀dá rẹ̀ tán, mo jẹ ìrẹsì òkú, mo gbàgbé. Àfi ìgbà tí mo tún bá a pàdé nínú ilé ìkàwé, tí bàbá àgbàlagbà kan ń fi bírò pupa dà á kọ sínú ìwé tirẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń fọ ẹnu láàárọ̀, gbólóhùn tí bàbá náà sọ á tún dún sí mi létí. Màá sọ ọ́ tí mo bá débẹ̀.

## Páálí mẹ́ta lábẹ́ tábìlì

Ọmọ mi obìnrin ló fà á. Tíṣà rẹ̀ ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó bí wọn lọ sẹ́yìn dé ìran karùn-ún. Mo jókòó tì í, mò ń pè é, ó ń kọ. Ìran kẹta ni mo bá a dé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó ní, "Dádì, ṣé ó tán ni?" Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ilé ìkàwé.

Yàrá méjì péré ni ilé ìkàwé ọ̀hún, kò sì jìnnà sí etí ọ̀sà. Bí atẹ́gùn bá ti apá omi fẹ́ wá, òórùn ẹja yíyan á wọlé, á jókòó ti ẹni tó ń kàwé. Àwọn ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún JAMB ló kún ibẹ̀, fáànù kan sì ń pariwo lókè bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Mo bi Àǹtí tó ń bójú tó ibẹ̀ bóyá wọ́n ní ìwé kankan lórí ìtàn àwọn ìdílé Ẹ̀pẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ lẹ fẹ́ ni, àbí èyí tí àwọn ọmọ olóòkú kọ?"

Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa páálí Indomie mẹ́ta jáde lábẹ́ tábìlì.

Ìwé ètò ìsìnkú ló kún inú àkọ́kọ́ fọ́fọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ìwé pẹlẹbẹ tí àwòrán olóògbé wà lójú rẹ̀, orin àti àdúrà níwájú, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdágbére àwọn ọmọ àti àna, lẹ́yìn náà àwòrán lórí àwòrán, gbogbo wọn nínú aṣọ ẹbí. Èyí tí wọ́n ṣe fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ àwọn Mùsùlùmí náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi í nu ọbẹ̀ lórí tábìlì, tí ẹ ń fi í fẹ́ atẹ́gùn sára, ẹ wá wo bí Àǹtí ṣe ń fi okùn dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó ní bí òun bá lọ òde, tí àwọn èèyàn bá ń du ike àti abọ́ tí wọ́n ń pín, abẹ́ àga lòun máa ń wò. Ìwé tí ẹ jù sílẹ̀ lòun ń ṣà.

Kàlẹ́ńdà ló wà nínú páálí kejì, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ àti ìdílé ń tẹ̀ ní ìparí ọdún, orí kékeré kékeré tí wọ́n tò bí ẹyin sínú kiréètì, orúkọ àti oyè lábẹ́ orí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè fi ojú tọ ọkùnrin kan láti ọmọ ẹgbẹ́ lásán títí tó fi di bàbá ìsàlẹ̀, irun orí rẹ̀ ń dínkù bọ̀ lọ́dọọdún.

Àdàlú ni ìkẹta. Ẹ̀dà ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ nípa àwọn ìlú ní nǹkan bíi 1930 sókè wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló lọ ṣe fótókọ́pì rẹ̀ ní Ilé Àkójọ Ìwé ti ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ojú ewé mélòó kan láti inú ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ náà wà níbẹ̀, irú bí Akéde Èkó tí Isaac Thomas dá sílẹ̀ ní 1928, níbi tí wọ́n ti ń kéde ẹni tó kú àti ẹni tó fẹ́yàwó. Abọ́ tánńganran kan sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Wọ́n ti fi kànìnkànìn ha òdòdó ara rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé pupa tó yí ẹnu rẹ̀ ká ṣì ṣeé kà: ìrántí ìsìnkú màmá kan, pẹ̀lú ọjọ́, oṣù, àti 1983. Àǹtí ní, "Ẹni tó fún mi, ẹ̀bà ló fi ń jẹ nínú rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìwé ni."

## Búlúù àti pupa

Ìgbà kẹta tí mo lọ ni mo bá Bàbá níbẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó dé fìlà abetí ajá, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ agboolé wa. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Ṣé o rí i báyìí? Ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó."

Ìtàn Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò lórí oyè ní 1851, kì í ṣe nǹkan tí mo fẹ́ máa sọ fún ọmọ Ẹ̀pẹ́. Ohun tó kan Bàbá nínú rẹ̀ ni 1862, ọdún tí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó lẹ́yìn tí ó ti lo bí ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ẹni tó bá a wá kọ́ ló bá a padà. Àwọn kan ti fẹ́yàwó síbí, àwọn kan ti mọ ibi tí ẹja wà. Àwọn wọ̀nyẹn ló di Èkó Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń ṣe ọdún Káyó-káyó títí dòní. Àwọn tó bí Bàbá wà lára àwọn tó padà, àwọn tó bí mi wà lára àwọn tó jókòó. Ó fẹ́ so okùn náà pọ̀ kí òun tó kú, ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ìwé ńlá kan wà níwájú rẹ̀, èyí tó ní èèpo líle, tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ gbèsè. Ó ti fi rúlà fa ilà sí i, orúkọ lábẹ́ orúkọ. Mo rí i pé àwọ̀ méjì ló fi ń kọ ọ́. Mo bi í léèrè. Ó ní ohun tí òun bá gbọ́ lẹ́nu èèyàn, bírò búlúù. Ohun tí òun bá rí nínú ìwé, bírò pupa. Bí àwọn méjèèjì bá takora, pupa ló ń borí.

Ó ṣí ojú ewé tiwa. Ìyá rẹ̀, tó ti dolóògbé, ló sọ fún un nígbà kan pé ọmọ méjì ni obìnrin báyìí bí fún ọkùnrin báyìí ní Ẹ̀pẹ́, pé ọkùnrin ni àgbà, obìnrin ló tẹ̀lé e. Bó ṣe wà nínú búlúù nìyẹn. Ọkùnrin yẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi. Obìnrin yẹn ni Ìyá Àgbà, tó tọ́ mi dàgbà pẹ̀lú owó ẹja.

Bàbá ní, "Ṣùgbọ́n wo ohun tí mo rí lónìí." Ó fa ìwé ètò méjì jáde nínú ìdì. Ti ẹ̀gbọ́n wọn, tó kú ní 1988, ni àkọ́kọ́, ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ sáíkólósítáìlì tẹ̀: wọ́n bí i ní 1916, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí Sítáńdáàdì Síìsì rẹ̀. Mo mọ èkejì kó tó yí ojú rẹ̀ sí mi. Èmi ni mo ya àwòrán tó wà níwájú rẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga onírọ̀rí, ojú òsì rẹ̀ dín díẹ̀ nítorí oòrùn, ọwọ́ rẹ̀ di báàgì tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Lábẹ́ àwòrán náà, nínú wúrà: 1914–2014.

Bàbá mú bírò pupa. Ó gbé rúlà lé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó fa ilà la á kọjá. Ó fa ọfà kékeré kan tó gbé Ìyá Àgbà gorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà kó lè gbẹ. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́: "Ẹnu lè gbàgbé, ọmọ mi. Ìwé kì í parọ́."

Àyà mi là gààrà. Mo lanu kí n sọ̀rọ̀, ohun tó jáde ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Mo kí i, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni. Ìyá Àgbà ń kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn méjèèjì. Ó ṣojú mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí eegun ẹsẹ̀ kò gbà fún un mọ́, ó máa ń di ara ògiri mú, á tẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orúnkún ló kọ̀ o, ọkàn mi ti wà nílẹ̀." Bí ẹran bá délé, apá ti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí dé, ojúlé ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ mú. Obìnrin tó fi ọdún tó lé ní ọgọ́ta bọ̀wọ̀ fún àgbà, èmi tí mo jẹ ẹja rẹ̀ ni mo wá gbé e gun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí.

## Bí a ṣe pé ọgọ́rùn-ún

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń tì mí lójú. Wọ́n ní kí èmi tí mo mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lọ jókòó ti atẹ̀wé. Ó kọ gbogbo nǹkan tán, ó ku àyè kan. Ó ní, "Ọdún ìbí màmá ńkọ́?" Mo ní a ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ní àyè yẹn kò lè ṣófo, yóò dà bí eyín tó yọ.

Mo pe ilé. Bàbá mi àgbà ní ṣebí ó kù díẹ̀ kí màmá pé ọgọ́rùn-ún ni, kí ni a ń ṣe aáwọ̀ lé, ká kúkú pé e. Mo gbọ́ tí àbúrò bàbá mi obìnrin ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé bí wọ́n bá ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló kú, àwọn èèyàn á béèrè ohun tó pa á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó pa ẹni ọgọ́rùn-ún. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Olórin sì kúkú fi ọgọ́rùn-ún yẹn kọrin títí ilẹ̀ fi ṣú, a ná an lówó.

Ohun tó burú jù ni pé irọ́ ni mo pa nígbà tí mo ní a ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà sọ fún mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní nígbà tí lúkúlúkú, àjàkálẹ̀ àrùn influenza, ń pa èèyàn, inú ìyá òun lòun wà, ẹ̀gbọ́n òun sì ti ń rìn, aṣọ ìyá wọn ló ń dì mú kiri. Mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Atẹ̀wé ló ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù lójú ewé yẹn. A yọ lúkúlúkú kúrò kí àwòrán àwọn àna lè ráyè. Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní ń pọ̀n ọ́n. Ti èmi ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó kí n tó mọ̀ pé mo bímọ.

## Kàlẹ́ńdà tí kò sí lára ògiri

Lúkúlúkú ní ọjọ́ tirẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 ni àrùn náà bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, kó tó tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àjàkálẹ̀ tó kárí ayé nígbà náà ni. Bí Ìyá Àgbà bá wà nínú oyún nígbà yẹn, ìparí 1918 tàbí inú 1919 ni wọ́n bí i. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bí ní 1916 á ti pé bí ọmọ ọdún méjì, ọmọ tó ń rìn, tó ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ẹ wò ó bó ṣe bára mu. Obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí B kò ṣìnà nínú ìṣirò rẹ̀. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì ni mo ṣìnà.

Ìyá tó bí Ìyá Àgbà náà ní òǹkà tirẹ̀: ọmọ ọwọ́ ni òun nígbà tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó gbéra lọ bá Ìjẹ̀bú jà. Ogun Ìmàgbọ̀n nìyẹn, oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Àwa tí ayé wa kò le tó tiwọn ń lo ti kékeré: ọdún tí mọ́tò yí sí apá ọ̀tún, 1972, ọdún tí a pa pọ́n-ùn tì tí a gba náírà, 1973.

Òǹkà yìí ni ìjọba pàápàá gbára lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní fẹ́ sọ ọ́. Lóòótọ́, 1863 ni wọ́n ti ṣe òfin pé kí wọ́n máa kọ orúkọ ọmọ tuntun àti ẹni tó kú sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú Èkó ni òfin yẹn mọ. Ó di 1992 kí òfin tó wá kan gbogbo orílẹ̀-èdè ní dandan lọ́nà tó ń ṣiṣẹ́ lónìí. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, kí ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí wa? Wọ́n ní kí bàbá mi na ọwọ́ gba orí kọjá, bí ìka rẹ̀ bá kan etí kejì, ó ti tó ilé ìwé í lọ. Ìka bàbá mi kò kàn án. Ó tẹ orí díẹ̀, ó kàn án. Ọdún tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà ló gbé dé ẹnu ìfẹ̀yìntì. Àwọn tí kò sí ìwé lọ́wọ́ wọn rárá, kóòtù ni wọ́n lọ, àgbà kan á búra fún wọn, akọ̀wé á tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Ìdí nìyẹn tí ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí mo mọ̀ fi ń ṣe ọjọ́ ìbí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní.

Àǹtí fi nǹkan kan hàn mí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1893, John Augustus Ọ̀túnba Payne, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Sàró, tó di akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ gíga l'Ékòó, tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tó to àwọn ogun, ikú ọba àti ìṣẹ̀lẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sí pẹ̀lú ọdún wọn. Nítorí àwọn ilé ẹjọ́ ló ṣe ṣe é. Bí ẹlẹ́rìí bá dúró níwájú adájọ́, tó ní ọdún tí ogun báyìí jà ni bàbá òun ra ilẹ̀, wọ́n á ṣí ìwé Payne, wọ́n á rí nọ́ńbà tí wọ́n lè kọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ: lábẹ́ pupa yẹn, búlúù ló wà. Ẹnu ló kọ́kọ́ sọ ọ́ kí bírò tó gbà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tó tilẹ̀ dùn mí jù nínú gbogbo wọn, èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lórí òkun, láàárín 1808 sí 1862, akọ̀wé ní Freetown àti ní Havana ń kọ orúkọ wọn: 91,491 orúkọ ló ti inú ìwé wọ̀nyẹn jáde. Àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n etí àjèjì ló gbọ́ orúkọ, ọwọ́ àjèjì ló kọ ọ́, o lè wo ọ̀kan títí kí ojú rẹ máa dá omi láìmọ̀ bóyá Àjàyí ni àbí Adéoyè. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní láti padà wá bẹ àwa tí a gbọ́ èdè, pé kí a pè é sókè, kí a gbọ́ ọ, kí a sọ ibi tó ti wá.

## Ta wá ló ń tu ọkọ̀?

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ka ìwé ètò nínú páálí yẹn. Tí èèyàn bá kà wọ́n pọ̀, ẹnu rẹ̀ á kọrin kan náà. Kò sẹ́ni tó kú tó jẹ́ ahun. Kò sí ìyàwó tó kọ ọkọ sílẹ̀. Gbogbo màmá ló tajà, tí ọjà sì gbè wọ́n. Ọmọ mẹ́fà ló gbẹ̀yìn olóògbé, ṣùgbọ́n wọn kò ní kọ ọ́ pé mọ́kànlá ló bí. Ìyàwó kejì ń bẹ nínú àwòrán, kò sí nínú ìtàn. Ẹ wo obìnrin tó dúró ní ìkángun, tó wọ aṣọ ẹbí ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò sí lábẹ́ àwòrán.

Ọ̀kan tún wà tó jù wọ́n lọ. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò l'Ékòó lẹ́yìn ìjà December 1851, kì í ṣe ọmọ ọba àti jagunjagun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Òwò ẹrú wà lára ohun tó fa ìjà ọ̀hún. Ẹrú wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e wá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo páálí yẹn, kò sí ìdílé kan tó wá gẹ́gẹ́ bí ẹrú, títí kan ìdílé tèmi. Ọmọ balógun ni gbogbo wa, ọmọ olóyè ni gbogbo wa. Ta wá ló ń tu ọkọ̀?

Mi ò fi bẹ́ẹ̀ sọ pé kí a da ìwé wọ̀nyẹn nù o. Ó tilẹ̀ ti wá yé mi pé ibi tí a kò ti rántí láti parọ́ ni òtítọ́ pọ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ń parọ́ nípa orúkọ ẹgbẹ́ tí màmá rẹ̀ wà nínú ọjà, tàbí agboolé tí àna rẹ̀ ti wá, tàbí ọwọ́ ẹni tó gbé e jókòó nínú àwòrán 1962. Ọ̀rọ̀ ìdágbére náà, ẹkún ló kọ ọ́, ẹkún kì í sì í ráyè ṣe ìṣirò.

Bí mo ṣe rí i nìyẹn. Mo mú ìwé ètò Ìyá Àgbà lọ sí abẹ́ fáànù, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́. Irọ́ mi tó wà níwájú ìwé tún wà lójú ewé kẹrin. Lójú ewé kọkànlá, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ìdágbére tiwọn, ìlà mẹ́fà péré, pẹ̀lú àṣìkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Sùn un re o, àbúrò bàbá wa kan ṣoṣo." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ lọ jìnnà. Ojú ewé mẹ́fà ló wà láàárín wọn, èèyàn kankan kò sì ṣí i dé ibẹ̀, torí pé kò sí nọ́ńbà níbẹ̀.

## Tákàdá tí wọ́n fi há a

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí. Mo rò pé yóò bú mi. Ó ń fi Vaseline pa ọwọ́, kò tilẹ̀ dúró. Mo ní kí ó jẹ́ kí n fi bírò fagi lé 1914 náà. Ó ní, "Ẹ ò ní kọ nǹkan kan sínú ìwé mi." Ó ní bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé irọ́ níbẹ̀, ìwé kò ní ṣẹ́ kù. Ó fa dírọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú tákàdá kan, ìdajì fúlúsíkáàpù, ó ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀, kí n kọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n àti ẹni tó sọ ọ́ fún mi, kí n fi ọjọ́ sí i. Ó ṣí ìwé méjì mìíràn nínú ìdì kan náà. Tákàdá wà nínú wọn. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ wá jẹ́wọ́.

Ohun tí mo kọ rèé: "1914 tó wà níwájú ìwé yìí àti lójú ewé kẹrin kì í ṣe òótọ́. Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mo fi sí i kó lè pé ọgọ́rùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé inú ìyá òun ni òun wà nígbà lúkúlúkú, tí ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ti ń rìn. Ẹ wo ojú ewé kọkànlá." Mo buwọ́ lù ú. Àǹtí fi abẹ́rẹ́ kékeré há a mọ́ ibẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà Bàbá hàn mí nínú ìwé tí àwọn àlejò ń kọ orúkọ sí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé fóònù, tí mo tún gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo pè é, mo kí i títí, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, mo sọ ọ́ dé ibi ìdágbére. Kò já ọ̀rọ̀ mi gbà. Mo tán, ó dákẹ́. Mò ń gbọ́ mọ́tò tó ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ó ní, "Ìyẹn ni pé ìyá mi kò gbàgbé."

Mo ní, "Wọn kò gbàgbé, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

Ó ní pupa lòun fi la á kọjá, kò ní ṣeé pa rẹ́ mọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní ọdún wo ni kí òun wá kọ? Mo ní kí wọ́n kọ lúkúlúkú.

"Lúkúlúkú," ó tún un pè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ọ̀rẹ́ àtijọ́. Mo gbọ́ tí ó ń ṣí ìwé, mo gbọ́ tí ó ń tú nǹkan lórí tábìlì. Ó ní, "Dúró ná, ọmọ mi. Jẹ́ kí n wá búlúù."